Ẹ gbà mí o, alága onílé ti géètì mọ́ wa nítorí kòrónà (ọdún 2020)

Ìyá Àyọ̀: Ẹ̀yin ará, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Láàárọ̀ yìí, alága onílé àdúgbò wa níbí, lápá Ìjọ̀kà l'Ákùúrẹ́, fi ṣéènì àti àgádágodo ti géètì ilé wa pa. Ó ní nítorí àrùn kòrónà, àbúrò mi ọkùnrin tó ti ìrìnàjò dé ò gbọ́dọ̀ jáde, àwa náà ò sì gbọ́dọ̀ jáde. Bàbá yìí kan náà ni ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ̀gẹ́ tí mo sá lọ́dún tó kọjá, kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ṣì jẹ mí lówó gààrí. Ṣé a kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà ni? Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Déùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Èmi, àwọn agbófinró dá mi dúró lọ́nà Ọ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tòmátò. Mo ní oúnjẹ ni mo kó, wọ́n ní kí n rí àwọn sójú. Gbogbo rẹ̀ jẹrà.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Níbo ni àbúrò yín ti dé?

Ìyá Àyọ̀: Èkó ni. Ṣé Èkó ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ará Ọ̀bá-Ilé: Buhari ti sọ ọ́ lọ́jọ́ 27 oṣù kẹrin 2020 pé kí a má rìn láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn láìnídìí. Báwo ló ṣe wọlé? Alága ṣe dáadáa!

Lọ́yà Kékeré: Kò ṣe dáadáa. Ìwé òfin 1999, abala 41, fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn. Abala 45 gba ìjọba láyè láti dín in kù nítorí ìlera ará ìlú, abala 35 sì gbà kí wọ́n dá ẹni tó ní àrùn àkóràn dúró. Ṣùgbọ́n òfin ló gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ wọn wá. Ta ló fún onílé ní àgádágodo ìjọba?

Ará Ọ̀bá-Ilé: Ẹ̀tọ́, ẹ̀tọ́! Ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ológun tó ti Íńdíà dé ni. Ìrìnàjò náà ló fà á. Ẹni tó kú, ṣé ó ń jẹ ẹ̀tọ́?

Lọ́yà Kékeré: Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sọ lóṣù kẹrin pé àwọn agbófinró ti pa èèyàn 18 nídìí òfin kónílé-ó-gbélé. Ṣé àwọn yẹn ò kú ni?

Màmá Tóbi: Ìyá Àyọ̀, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Nígbà tí ọmọ Ìyá Rísí ti Kánò dé, ta ló ní kó má fa omi ní kànga? Ẹ̀yin kọ́?

Ìyá Àyọ̀: Ìyẹn ń wúkọ́! Àbúrò mi ò wúkọ́ rárá. Ara rẹ̀ kàn ń gbóná lálẹ́ ni, kò sì gbóòórùn ìrú tí mo fi se ẹ̀fọ́. Ibà ni. Mo ti se àgbo dógóyárò fún un.

Màmá Tóbi: Háà! Àná ni mo ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ yín!!!

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Kò gbóòórùn ìrú, ẹ wá ń pè é ní ibà? Ẹ fi í sí yàrá tirẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo yín lo ìbomú. Ẹ pe àwọn elétò ìlera kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kí alága sì ṣí géètì yẹn. Bí èémí rẹ̀ bá ń há lóru, ta ló máa wá kọ́kọ́rọ́?

Bàbá Déùn: Lọ́yà, ṣé mo lè gba owó tòmátò mi?

Ìyá Àyọ̀: Màmá Tóbi, ṣé kí n má ta ẹ̀kọ ni? Oúnjẹ ìrànwọ́ tí wọ́n ń pariwo, ṣé ó dé ọ̀dọ̀ yín? Nọ́ọ̀sì, ẹ fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má fọn fèrè wọ àdúgbò o. Alága ò gbọdọ̀ rí mi fín.