Àbọ̀ lórí ikọ́ gbígbẹ ìyá mi: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á

Mo padà wá jábọ̀ lórí ikọ́ gbígbẹ tí kì í jẹ́ kí ìyá mi sùn ní Òmù-Àrán, tí mo bi yín léèrè ohun tó lè fà á. Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fura sí lisinopril, oògùn tí ìyá mi ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ló ṣẹ: nígbà tí dókítà fi losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, rọ́pò rẹ̀, ikọ́ náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lọ pátápátá, wọ́n sì ti ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Oyin àti atalẹ̀ kàn tu ọ̀fun wọn lára ni. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru náà, iyọ̀ ọbẹ̀ ti dínkù, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gbà kí a yọ magí kúrò. Ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì ń ga dé 150/90 láàárọ̀, èyí tí a ó tún bá dókítà sọ. Ẹ ṣeun.