Ọkọ̀ wo, tírélà wo ni kí n fi máa gbé mọ́tò eré ìje mi láti Ìjẹ̀bú-Òde?

Ọmọ_Ọbańta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìmọ̀wọ̀ ni mò ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, pákó ni mò ń tà. BMW E36 ni mo fi ń sáré, 328 ti ọdún 1998. Mo ti yọ àga ẹ̀yìn àti kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo sì ti fi irin há inú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá eré yìí bọ̀, èmi náà ni mo máa ń wà á lọ, màá sáré, màá tún wà á bọ̀ wálé.

Oṣù tó kọjá ni ojú mi là. A sáré ní Abuja lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Àìkú mo ń bọ̀, mo ti kọjá Oǹdó, mo ń retí Ọ̀rẹ̀, ni ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná bá gbéra, kò sì padà sílẹ̀ mọ́. Kí n tó rí ibi tí mo lè yà sí, èéfín funfun ti gba iwájú mi. Wọ́tà pọ́ǹpù ni. Abẹ̀bẹ̀ oníke inú rẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́, héèdì sì ti tẹ̀. Ilé epo ni mo sùn mọ́jú. Owó tí ẹni tó wá gbé e délé gbà lọ́wọ́ mi ju gbogbo ohun tí mo ná ní Abuja lọ.

Mi ò ní wà á lójú márosẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ máa gbé e tẹ̀ lé ọkọ̀. (Tírélà tí mò ń wí kì í ṣe irú èyí tó kún Ògèrè o, èyí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù ni.)

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fẹ́ ta Hilux 2.7 tó ń lo pẹtiróòlù fún mi, ó mọ́ tónítóní, á sì gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnìkan ní Ṣàgámù ní Tundra 5.7 tòkunbọ̀, ti 2010, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ ló ń bèèrè. Ní ti tírélà, wẹ́dà kan ládùúgbò wa ní òun á fi axle Corolla méjì (irin gbọọrọ tó so táyà ọ̀tún àti ti òsì pọ̀) ṣe é fún mi, kò ní ní bíréèkì, kò sì ní wọ́n. Mo tún ti rí tòkunbọ̀ kan tó wá láti Amẹ́ríkà, axle méjì, bíréèkì oníná lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kan tún wà tó ní òrùlé àti ìlẹ̀kùn bíi yàrá. Ìyẹn ni ọkàn mi ń fà sí, nítorí òjò.

Ọkọ̀ tí mo bá rà náà ni màá fi máa kó pákó láti Ìjẹ̀bú-Igbó láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ_Òkè_Sópin

Àbúrò, ẹ̀ẹ̀melòó lo ń sáré lọ́dún? Tí kò bá ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, háyà self-loader. Wọ́n á fi wíǹṣì fà á sórí, wọ́n á dè é, ìwọ á jókòó ti dírẹ́bà. Owó tó o fẹ́ fi ra ọkọ̀ àti tírélà, fi kún ọjà pákó rẹ.

Ọmọ_Ọbańta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ẹ̀ẹ̀mẹfà sí ẹ̀ẹ̀meje ni. Ọkọ̀ tí mo fi ń kó pákó náà sì ti ń kú lọ, mo gbọ́dọ̀ ra òmíràn lọ́nàkọnà.

Ẹ̀gbọ́n_Rẹ́mọ

Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó sanwó. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fi píkọ́ọ̀pù gbé mọ́tò láti Ṣàgámù, màá sì sọ ohun tí ojú mi rí fún ọ.

Kí a tó dárúkọ ọkọ̀ kankan, jẹ́ ká wọn ẹrù. E36 rẹ á tó 1,400 kìló. Tírélà onírin tó ní axle méjì máa ń wà láàárín 800 sí 900. Táyà mẹ́rin mìíràn, jáàkì ńlá, àpótí irinṣẹ́, kẹ́ẹ̀gì epo méjì oní-25 lítà, pè é ní 200. Ó ti di 2,500 nìyẹn, o ò tíì gbé omi mímu. Má sì gba ìṣirò orí gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi gbé tèmi lọ sí kúárì kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, mo bẹ àwọn tó wà nídìí ìwọ̀n, wọ́n jẹ́ kí n gun ún nígbà tí típà kankan ò sí lórí ìlà. Ohun tí mo rí fi 300 kìló ju ohun tí mo ti ń rò láti ọdún yìí wá.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé Hilux, 750 kìló ni òpin ohun tó lè fà tí nǹkan náà kò bá ní bíréèkì tirẹ̀. Tírélà wẹ́dà yín, láì tíì gbé mọ́tò sórí, ti débẹ̀. Mi ò bú wẹ́dà o, ó lè mọ irin jó dáadáa. Ṣùgbọ́n axle ẹ̀yìn Corolla, ìdí Corolla nìkan ni wọ́n ṣe é láti gbé. Fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ pátápátá.

Ṣé Hilux 2.7 á fa 2,500? Tó o bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, á gbéra. Ìgbà tó o bá fẹ́ dúró lọ̀rọ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Ìwọ tó o ti gba Kàbbà lọ Lọ́kọ́ja mọ àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀. Ẹrù tó wúwo ju ọkọ̀ tó ń fà á lọ, tó ń tì ọ́ látẹ̀yìn bọ̀ nísàlẹ̀ òkè, táńkà sì wà níwájú rẹ tó ti dúró. Ẹ́ńjìnnì ò ní gbà ọ́ níbẹ̀. Ìwúwo ọkọ̀ iwájú àti bíréèkì tírélà ni yóò gbà ọ́.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Civic ni mo ń lò nígbà náà, tírélà mi ò sì ní bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì Civic ò ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, a ń tì í gun tírélà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì kọjú sí wa, bẹ́ẹ̀ la ṣe tì í wọlé: ìdí níwájú, imú lẹ́yìn. Imú ni ẹ́ńjìnnì wà. Gbogbo ìwúwo bá bọ́ sẹ́yìn axle, ọrùn tírélà fúyẹ́, mi ò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣe.

A kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, a ń lọ sí ìhà J4 lójú márosẹ̀ Benin, mò ń sáré bíi 90. Ọkọ̀ ńlá kan yà wá sílẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbá wa. Mo rí iná ẹ̀yìn Civic nínú díńgí òsì. Kó tó di pé mo ronú, ó ti lọ, mo rí i nínú díńgí ọ̀tún. Ó tún padà sí òsì, èyí sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń fa ìdí píkọ́ọ̀pù kiri bí ọmọ tí wọ́n fà lọ́wọ́ tó ní òun ò lọ. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ lọ sórí bíréèkì, ọkàn mi ní rárá. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mo di sítíárín mú gírígírí láì yí i, mo ń pe Ọlọ́run. Ó jù wá bíi ẹ̀ẹ̀mẹjọ kó tó rọlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún tírélà ti wà nínú koríko. Ká ní mo tẹ bíréèkì ni, ìdí rẹ̀ ìbá ti wá bá mi níwájú. Ọwọ́ mi gbọ̀n títí a fi dé J4.

Láti ọjọ́ náà, ọrùn tírélà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Nínú gbogbo ìwúwo tírélà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó jókòó lórí bọ́ọ̀lù irin tó wà nídìí ọkọ̀. Nínú 2,500 rẹ, ó di 250 sí 375 kìló. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé: mo wa mọ́tò síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ìdí píkọ́ọ̀pù fi rẹlẹ̀ dé ibi tó yẹ, mo gbé e lọ sórí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó pé, mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà sórí pákó tírélà níbi tí táyà iwájú dúró sí. Orí ìlà yẹn ló máa ń dúró títí dòní.

Má gbàgbé pé ẹrù ọkọ̀ ni 250 sí 375 yẹn náà jẹ́. Ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà Tundra yẹn, wà á rí bébà kan lára òpó rẹ̀ tó sọ iye tí ènìyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá. Yọ ti ọrùn tírélà kúrò níbẹ̀, yọ ti ara rẹ àti mẹkáníìkì rẹ, kó o wo ohun tó kù. Nítorí náà, ọjọ́ tó o bá ń gbé mọ́tò, má fi pákó kankan sẹ́yìn ọkọ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi: Tundra, pẹ̀lú tírélà tí kò lórùlé, tó ní bíréèkì. Tundra 5.7 lè fa ohun tó lé ní 3,600 kìló, ara rẹ̀ sì wúwo tó láti dá E36 dúró. Á mu epo, mi ò ní purọ́ fún ọ. Tí epo bá bà ọ́ lẹ́rù, wá Hilux 2.8 tó ń lo díísù, èyí tí ìwé rẹ̀ bá kọ 3,500 sí, kó o jẹ́ kí ti ẹ̀gbọ́n màmá rẹ lọ. Tírélà onílé yẹn, òfìfo rẹ̀ nìkan lè tó 1,500 kìló, atẹ́gùn tún ń bá a jà ní gbogbo ọ̀nà. Òjò ò ṣe E36 ní nǹkan kan. Fi tapólì bò ó.

Tó o bá ra tírélà oníbíréèkì iná, ra àpótí tó ń darí rẹ̀ náà, kí rẹ́wáyà sì so ó mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ á ti tètè tó o. Tí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù, bọ́tìnnì kékeré ara àpótí yẹn lo máa tẹ̀. Bíréèkì ti tírélà nìkan ló máa mú, á sì fa gbogbo yín tọ́.

Ìyá_Táyà_Ògèrè

Ẹ̀gbọ́n_Rẹ́mọ ti sọ ọ̀rọ̀, kí n fi tèmi kún un. Ọmọ mi, tó o bá fẹ́ lọ wo tòkunbọ̀ yẹn, má kọ́kọ́ wo ọ̀dà rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà.

Tírélà bẹ́ẹ̀ lè ti dúró sójú kan fún ọdún mẹ́jọ ní Amẹ́ríkà. Eyín táyà á ṣì ga, wà á rò pé tuntun ni. Wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó o bá rí ìlà ṣíńṣín-ṣíńṣín bí ilẹ̀ tó gbẹ, sọ ọ́ nù. Kí o sì rí ST lára rẹ̀ níwájú nọ́ńbà tó ń sọ bí táyà ṣe tóbi tó, ìyẹn ni ti tírélà.

Èyí tó ń ba àwọn ènìyàn lọ́kàn jẹ́ jù ni afẹ́fẹ́. Fọ́káníìsà á fẹ́ ẹ dé 35 bíi ti mọ́tò, torí ohun tó mọ̀ nìyẹn. Táyà tírélà 225/75R15 tí wọ́n kọ D sí, 65 ló ń gbà, nígbà tó tutù. Tó bá wà ní 35, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa gbóná, tó bá fi máa di Ọ̀rẹ̀, á bẹ́. Wọ́n máa ń gbé e wá bá mi pé táyà tí mo tà ò dáa. Mo máa ń bi wọ́n pé mélòó lẹ fẹ́ ẹ sí?

Kí wọ́n tú bíárìn, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi gírísì tuntun sí i kó o tó gbé nǹkan kan. Níbi àkọ́kọ́ tó o bá ti dúró, gbé ọwọ́ lé àárín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ ti ń pè ọ́ nìyẹn.

Ọmọ_Ọbańta

Ẹ̀gbọ́n, màmá, Ọlọ́run á pọ̀n yín lé. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo sọ fún wọn pé mi ò ra Hilux mọ́, wọn ò bínú. Mo lọ wo tírélà náà lánàá. Táyà méjì jẹ́ 2019, méjì jẹ́ 2014, nítorí náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni màá pààrọ̀. Màmá, ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń de mọ́tò mọ́lẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Rẹ́mọ

Bẹ́líìtì mẹ́rin, ẹsẹ̀ kan, bẹ́líìtì kan. Orí táyà ni kó gbà kọjá, má dè é mọ́ ara mọ́tò, kí sípíríìngì lè máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀ nínú kòtò láì tú ìdè. Lẹ́yìn kìlómítà 20 àkọ́kọ́, dúró, fà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó máa ń dẹ̀. Ṣéènì méjèèjì tó so tírélà mọ́ ọkọ̀, kí wọ́n ṣe àgbélébùú lábẹ́ ọrùn tírélà, tó bá já kúrò lórí bọ́ọ̀lù, orí ṣéènì ló máa balẹ̀ sí.

Ó kù ohun kan. Ṣé o ti wọn géètì ilé rẹ? Àwọn tírélà Amẹ́ríkà yẹn, láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, wọ́n máa ń tó íńṣì 102, ẹsẹ̀ bàtà 8 àbọ̀ nìyẹn.

Ọmọ_Ọbańta

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé látìdí géètì pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ bàtà 8 géérégé ni. Mo ti pe bíríkìlà, ọjọ́ Ajé ló ń bọ̀ wá wó òpó ọ̀tún, á tún un mọ sí ẹsẹ̀ bàtà 11. Ọjọ́rú ni màá lọ san owó tírélà.