Ọkọ̀ onígbòkun mi ò fẹ́ súnmọ́ atẹ́gùn rárá, owó ò sì sí

Ọmọ_Ìbarà: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan, tòkunbọ̀ ni, orí adágún Ọ̀yán la ti máa ń lò ó lópin ọ̀sẹ̀. Tí atẹ́gùn bá wà lẹ́yìn ẹ̀ ó ń sáré dáadáa, àmọ́ tí n bá ti fẹ́ padà síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ báyìí wàhálà dé, màá yà sọ́tùn-ún màá yà sósì, ibi tí mo ti kúrò náà ni màá tún bá ara mi. Wọ́n ní kí n ra ìgbòkun tuntun, iye tí wọ́n pè é mi ò lè sọ ọ́ níwájú ìyàwó mi. Kí ni mo lè ṣe tí ò ní gbówó lórí?

Káfíńtà_Lafẹ́nwá: Ẹ má tíì ra nǹkan kan o bọ̀dá. Pákó tó wọnú omi lábẹ́ ọkọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, òun ló ń di ọkọ̀ mú kí atẹ́gùn má baà máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé ẹ máa ń tì í wálẹ̀ tán? Ṣé kì í mì nínú àpótí ẹ̀? Tó bá ń mì, ẹ gé rọ́bà sílípáàsì tó ti gbó, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́nú àpótí yẹn títí á fi fún. Ẹ fi sáńpépà ha pákó náà, kí etí iwájú rí roboto kí tẹ̀yìn tín-ín-rín, kẹ́ ẹ wá kùn ún lọ́dà. Ìdọ̀tí tó ń yọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ náà, ẹ fọ̀ ọ́ dànù jọ̀ọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Atukọ̀: Òótọ́ ni, àmọ́ okùn ńkọ́? Wáyà tó ti iwájú ọkọ̀ lọ sórí òpó, tó bá ti dẹ̀, ìgbòkun iwájú á yọkùn, kò sì lè súnmọ́ atẹ́gùn láéláé. Ẹ fún un le. Okùn tẹ́ ẹ fi ń fa ìgbòkun sókè náà, bí atẹ́gùn bá ṣe ń le ni kẹ́ ẹ máa fà á sí i, torí ìgbòkun tó ti gbó, ikùn ẹ̀ máa ń sún sẹ́yìn, okùn yẹn ló máa dá a padà síwájú. Ẹ wá ra òwú wúùlù, ẹ gé e kúkúrú, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú méjèèjì ìgbòkun iwájú, bíi 30 cm sí etí tó kọjú sí atẹ́gùn. Kí méjèèjì máa fẹ́ sẹ́yìn tààrà lẹ ń wá. Tí èyí tó wà lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ bá ń jó, ẹ ti súnmọ́ jù, ẹ yà kúrò díẹ̀. Tó bá jẹ́ tòdìkejì, ẹ dẹ okùn tẹ́ ẹ fi ń darí ìgbòkun yẹn, tàbí kẹ́ ẹ súnmọ́ sí i.

Ọmọ_Ìbarà: Ẹ ṣé gan-an. Pákó yẹn ń dún kọkọkọ lóòótọ́. Ibo ló yẹ kí ọkọ̀ lè súnmọ́ atẹ́gùn dé gan-an?

Ẹ̀gbọ́n_Atukọ̀: Kò sọ́kọ̀ onígbòkun tó ń kọjú sí atẹ́gùn gbangba, ti ìdíje pàápàá. Irú tiyín, tó bá ti ṣe 45 dìgíríì síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ó gbìyànjú. Ẹ má fipá mú un jùyẹn lọ, téré bá ti kú, pákó abẹ́ ò ní lè di omi mú mọ́, ẹ̀gbẹ́ lẹ ó kàn máa sún lọ.

Ìyá_Ìbejì_Àsẹ̀rò: Kẹ́ ẹ sì jókòó sétí lápá tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ kí ọkọ̀ má baà máa fì. Ẹ mú ọ̀rẹ́ yín tó sanra jù dání, ọ̀fẹ́ nìyẹn 😂