Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: géèmù tí a ó fi polówó iléeṣẹ́, tí a ó sì fi wá òṣìṣẹ́

Adéṣẹ́wà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́ ni mo wà ní iléeṣẹ́ kan tó ń gbé ẹrù fún oníbàárà. Àwọn ọ̀gá fẹ́ géèmù kan tí yóò polówó wa, tí àwọn ọ̀dọ́ yóò sì tibẹ̀ béèrè iṣẹ́. Owó tó wà nílẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, kí la lè lò, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

BàbáKóòdù:
Ẹ lo Twine, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe géèmù onítàn, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì dìgbà téèyàn bá mọ kóòdù. Ẹ ó kọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ẹ ó fún ẹni tó ń gbá géèmù ní ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, èyí tó bá mú ni ìtàn yóò gbà. Fáìlì HTML kan ṣoṣo, irú èyí tó ń ṣí bí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, ló máa fún yín. Tó bá jẹ́ àwòrán tó ń rìn lẹ fẹ́, ẹ lọ sí Godot, irinṣẹ́ mìíràn tí a fi ń ṣe géèmù. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi Flash, irinṣẹ́ àtijọ́ tí a fi ń ṣe géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ̀ yín, ẹ sá: Adobe ti pa á tì láti 31 Oṣù Kejìlá 2020.

ÌyáÌbejì:
Irinṣẹ́ kọ́ ni mo rò pé ó yẹ kó gbà yín lọ́kàn. Kí ni ẹni tó ń gbá a yóò máa ṣe? Iléeṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì Marriott gbé géèmù kan sórí Facebook ní 2011. Ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì lèèyàn ń bójú tó níbẹ̀: yóò fi owó tó mọ níwọ̀n ra èlò oúnjẹ, yóò gba òṣìṣẹ́, yóò bọ́ àlejò. Inú àlejò ò dùn? Máàkì lọ. Ẹni tó bá gbá a tán ti fọwọ́ ba iṣẹ́ náà. Lọ́dún yẹn kan náà, GCHQ, iléeṣẹ́ aṣàmí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àrokò kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹni tó bá lè tú u tú u. Irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá.

Ní tiyín, ẹ má ṣe ọkọ̀ tó ń sáré fo kòtò. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ṣe irú ẹ̀. Ó dùn ún gbá, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni nípa iṣẹ́ wa. Ẹ ṣe báyìí: ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹrù mẹ́ta ló kù lẹ́yìn ọkọ̀, obìnrin kan pè pé páálí òun ti ya, ó ń pariwo. Kí lo máa kọ́kọ́ sọ fún un? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn obìnrin yẹn. Ohùn gidi níyì ju àwòrán olówó ńlá lọ.

OníFídíò:
Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́. Ẹ kàn kọ ọ̀rọ̀ náà sísàlẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ràn tàbí tó pa ohùn fóònù rẹ̀. Ẹ má sì fi fọ́ọ̀mù ṣáájú géèmù.

Àbíkẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi máàkì géèmù nìkan lé èèyàn. Ọwọ́ ẹlòmíràn lè lọ́ra, fóònù rẹ̀ lè ti gbó, kó sì mọṣẹ́ dáadáa. Ní Yúróòpù, òfin GDPR, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 25 Oṣù Karùn-ún 2018 kò fẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lórí èèyàn, àfi níbi díẹ̀ tó yọ sílẹ̀.

Adéṣẹ́wà:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣí Twine, obìnrin tí páálí rẹ̀ ya ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo bi awakọ̀ wa kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ohun tó máa ń sọ nírú àsìkò yẹn. Ó ní òun kì í sọ nǹkan kan títí wọ́n á fi pariwo tán. Kò sí nínú ọ̀nà mẹ́ta tí mo kọ. Mo ti fi ṣe ìkẹrin.