Ìpàdé ọdọọdún ilé-iṣẹ́ wa ní Adó-Èkìtì: báwo ni ₦1,500,000 ṣe lè tó fún 120 ènìyàn?

Akọ̀wé Ilé-iṣẹ́, Adó-Èkìtì

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ta irúgbìn àti ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá, a fẹ́ pe àwọn alágbàtà wa jọ láti Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò, Ọ̀yẹ́ àti Ẹfọ̀n, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí a sì fi irúgbìn àgbàdo tuntun tí a ó máa tà lọ́dún tó ń bọ̀ hàn wọ́n. Èmi ni ọ̀gá wa gbé ètò náà lé lọ́wọ́. Ó fún mi ní ₦1,500,000, ó sì sọ ọ́ gbangba pé kọ́bọ̀ kan kò ní kún un. Orúkọ 120 ni ó wà nínú ìwé tí wọ́n kó fún mi, nítorí náà ₦12,500 péré ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti orí àga tí yóò jókòó lé títí dé omi tí yóò mu. Gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ tí mo lọ béèrè ní ọjọ́ Sátidé fẹ́ gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Mo bẹ̀ yín, ẹ là mí lọ́yẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí ojú tì wá níwájú àwọn tó ń bá wa tajà.

Ìyá Alétò, Ìyìn-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń bá ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣètò ìpàdé. Kí ẹ tó tún béèrè iye gbọ̀ngàn kankan, ẹ padà sídìí ìwé orúkọ yẹn, torí pé iye ènìyàn ni ó ń jẹ owó. Ẹ jókòó ti ọ̀gá yín, kí ẹ máa fi gègé sàmì sí orúkọ kọ̀ọ̀kan: ta ni ó ra ọjà lọ́dún yìí, ta ni ẹ fẹ́ kí ó rí irúgbìn tuntun náà, ta ni wọ́n kàn kọ nítorí pé ó máa ń wà níbẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí n yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò kí n má rí ogún orúkọ yọ. Bí 120 bá di 90, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò lé ní ₦16,600, láìjẹ́ pé ọ̀gá yín fi nǹkan kan kún un.

Ẹ fi Sátidé sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin náà mọ Èkìtì wa: òkú ṣíṣe àti ìgbéyàwó ni ó ni òpin ọ̀sẹ̀, oníkánópì, alásè àti onífọ́tò kò sì ní dín owó kù ní ọjọ́ tí ènìyàn mẹ́ta ń du wọ́n mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹ mú Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ ọjà ìlú àwọn alágbàtà yín, nítorí kò sí ẹni tí yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ní ọjọ́ ọjà nítorí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, kí ẹ parí ní aago kan, kí ó lè jẹ́ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó gbé kalẹ̀, kí ará Ẹfọ̀n sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ má tẹ káàdì. Ẹ fi ìwé ìpè ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹ sì pe ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ gbọ́ "mò ń bọ̀" láti ẹnu rẹ̀. Ní ti àwọn mo-gbọ́-mo-yà, tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ tí ẹ ó fún ènìyàn bí ó bá ti kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ti tó. Ẹ yọ ₦150,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ náà.

Olóúnjẹ, Ìgbárá-Odò

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Alétò sọ. Ti oúnjẹ ni tèmi. Ẹ má se ìrẹsì, kí ẹ tún gún iyán, kí ẹ tún dín nǹkan ìpanu. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì ṣe é dáadáa. Bí ó bá jẹ́ iyán ni, inú àwọn ará wa yóò dùn, iṣu sì pọ̀ lọ́jà ní oṣù kọkànlá. Ẹ lọ ra iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra yín, kí ẹ wá bá alásè dúnàádúrà owó iṣẹ́ nìkan. Ṣùgbọ́n iyán kì í dúró de ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Bí a bá ti ń gún un ni a ó máa fi ọ̀rá wé e, tí a ó sì máa tò ó sínú kúlà tí a tẹ́ aṣọ mímọ́ sí nídìí, nítorí náà ẹ sọ àkókò oúnjẹ fún alásè yín, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: iye àwo, iye ègé ẹran nínú àwo kan, àti aago tí oúnjẹ gbọ́dọ̀ dé. Ẹ san ìdajì ṣáájú, kí ẹ san ìyókù bí ẹ bá ti ka àwo tán. Alásè kan tó gba gbogbo owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa rí kò dé títí di aago mẹ́ta. Àwọn àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ ti ń ra búrẹ́dì jẹ lẹ́bàá ọ̀nà.

Oníṣirò Owó, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbé ìpàdé náà lọ sí Ìkògòsì, ẹ rò ó dáadáa. Ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé wu èmi náà láti lọ wò, àmọ́ bí bọ́ọ̀sì kan bá gba ènìyàn 18, bọ́ọ̀sì márùn-ún ni ẹ ó háyà fún 90 ènìyàn kí ẹnikẹ́ni tó jẹ òkèlè kan.

Nílé-iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a gba gbọ̀ngàn ńlá, a to àga 300, àwọn tó wá kò sì ju 80 lọ. Ẹ̀yìn ni gbogbo wọn jókòó sí. Ọ̀gá wa dúró síwájú, ó ń bá àga òfìfo sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń hu lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, àga 60 ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ tò, kí wọ́n máa fi kún un bí èrò bá ṣe ń wọlé. Owó tí ẹ bá rí fi pamọ́ níbi ọ̀ṣọ́, ẹ fi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó dára, kí ẹ dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì ní epo jẹnẹrétọ̀ nílẹ̀. Ẹ bu irúgbìn náà sínú ọpọ́n, kí àwọn alágbàtà fọwọ́ kó o, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí ni wọn yóò máa rò fún àwọn àgbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá délé.

Akọ̀wé Ilé-iṣẹ́, Adó-Èkìtì

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Èmi àti ọ̀gá ti yẹ ìwé náà wò lálẹ́ àná, orúkọ 94 ni ó kù, a sì ti mú Ọjọ́bọ̀. Gbọ̀ngàn kékeré kan ní Ajílósùn ti gbà láti dín owó rẹ̀ kù. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Olóúnjẹ, iye iṣu wo ni kí n rà fún 94 ènìyàn?

Olóúnjẹ, Ìgbárá-Odò

Ẹ má tíì rà á. Ẹ kọ́kọ́ mú mẹ́ta wá láti oko tí ẹ fẹ́ rà á, kí alásè yín gún un wò, kí ẹ ka iye ìdì tí yóò jáde nínú rẹ̀. Iṣu mìíràn tóbi lójú, ṣùgbọ́n kì í fà nínú odó.