Ògì tí kò kan lásìkò òtútù, àti àkàrà tó ń fa òróró mu

Leeds: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tó wà lókè òkun. Kílò kan ọkà funfun (àgbàdo) tí a fẹ́ fi ṣe ògì ti wà nínú omi láti ọjọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ la wà yìí, kò rùn, kò kan. Ṣé kí a lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ bá wa dá sí ti àkàrà náà: pẹlẹbẹ ló ń rí, òróró ló sì ń mu.

Peckham: Ẹ má tíì lọ̀ ọ́. Òtútù ló fà á. Nílé, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó ọkà kan, torí pé ìta gbóná. Nínú ilé tí hítà rẹ̀ wà ní 18°C, ẹ fọkàn sí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ gbé abọ́ náà sínú oven, ẹ má tan iná rẹ̀ o, gílóòbù inú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ tàn, á mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ lẹ bébà mọ́ ibi tí wọ́n ti ń tàn án kí ẹlòmíì má baà fi iná sí i. Ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́. Bí èékánná bá fọ́ ọkà láìjanpata, tí ìfófòó kéékèèké sì ń yọ lójú omi, ó ti tó lọ̀. Nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú omi kò burú, ẹ ré e kúrò. Tó bá bu, tó hu irun dúdú tàbí aláwọ̀ ewé, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù.

Leeds: Tí ẹnì kan bá ti lọ̀ ọ́ kó tó kan ńkọ́?

Peckham: Kò tíì bàjẹ́. Ògì tí a ti sẹ́ ṣì ń kan nínú omi rẹ̀. Ẹ dá a padà sínú oven onígílóòbù yẹn fún ọjọ́ kan sí méjì.

Houston: Irú ọkà tí ẹ rà náà ṣe pàtàkì. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Mẹ́síkò, ẹ má jẹ́ kí masa harina, ìyẹ̀fun àgbàdo wọn, tàn yín jẹ. Ẹfun tí wọ́n ń pè ní cal ni wọ́n fi se àgbàdo rẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í kúrò. Ìyẹ̀fun àgbàdo Harina P.A.N. náà, wọ́n ti sè é tẹ́lẹ̀, kò lè di ògì. Ọkà gúgúrú ṣeé lọ̀, àmọ́ ó le bí òkúta, ó sì lè jó ẹ̀rọ ìlọta tí kò lágbára. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkà bàbà kún un á rí i ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà, jowar ni wọ́n ń pè é. Funfun ló sábà máa ń jẹ́ ṣá, ẹ má retí kó pọ́n bíi tilé.

Peckham: Tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́, kí ọkà má kọjá ìdajì ẹ̀rọ, kí omi sì fi ìka méjì bò ó. Ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi, ẹ tún lọ̀ ọ́, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Asẹ́ onírin kò dára, èérí á gba inú rẹ̀ kọjá. Aṣọ ìrọ̀rí tó mọ́ dára jù ú lọ. Ẹ fi omi ṣan èérí náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dà á nù, torí ògì ṣì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti sílẹ̀, ẹ da omi orí rẹ̀, ẹ fún un gbẹ, ẹ bù ú ní ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan sínú fíríísà.

Àwọn tí ẹ̀kọ wọn kì í dì, abọ́ tútù ló ń dà á rú. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣan abọ́. Ṣíbí ìjẹun mẹ́rin ògì, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó kó má ní kókó, kí ẹ wá da omi tó ń hó lọ́wọ́ lé e, bíi mílílítà 400, kí ẹ máa rò ó lọ. Ibi tó ti ń dì, ṣíbí á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́, ògì á kúrò ní funfun ẹfun, á máa dán. Tí kò bá dán, ẹ dà á sí ìkòkò, ẹ gbé e kaná fún ìṣẹ́jú méjì.

Salvador: Ti àkàrà, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Acarajé ni wọ́n ń pè é ní Bahia níbí, ní Brazil, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in. Ní gbígbẹ ni kí ẹ ti fọ́ ẹ̀wà olójú dúdú náà: ẹ tẹ ẹ̀rọ ìlọta fìrí lẹ́ẹ̀mẹta, kó kàn là, kó má di ìyẹ̀fun. Tí ẹ bá wá rẹ ẹ́, èèpo á léfòó, ẹ ó máa dà á kúrò pẹ̀lú omi. Ó yá ju kí a máa fi ọwọ́ bó o lọ.

Omi ló ń sọ àkàrà di pẹlẹbẹ. Gíráàmù 500 ẹ̀wà kò gbọdọ̀ gbà ju mílílítà 150 omi lọ, àlùbọ́sà náà sì lómi tirẹ̀. Ẹ fi ọmọrogùn lù ú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ẹ kán díẹ̀ sínú ife omi: tó bá rì, ẹ tún lù ú. Iyọ̀ ló máa ń kẹ́yìn, nígbà tí epo ti gbóná, torí ó ń mú kí ẹ̀wà ṣomi.

Leeds: Ẹ̀wà inú agolo ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Houston: Rárá o. Wọ́n ti sè é. Inú epo ló máa tú ká sí.

Peckham: Òróró tí kò gbóná tó ni àkàrà ń mu. 175 sí 180°C ló dára, ẹ má sì da àkàrà kún ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, ooru á wálẹ̀. Ẹ pa ilẹ̀kùn kíṣìnì dé, ẹ ṣí fèrèsé, kí àlámù èéfín má lọ jí àwọn aládùúgbò. Tí òróró tó ṣẹ́kù bá tutù, ẹ rọ ọ́ sínú ike. Ẹ má dà á sí ojú ìfọbọ́ o, ibẹ̀ ló ti máa dì pa.