Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn fún lẹ́tà sí àwọn àgbà

Ẹ kú ilé o. Èmi ni akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mò ń kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tiwa tó wà ní London nípa ayẹyẹ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Mo kọ́kọ́ kọ “I write to humbly solicit your esteemed presence.” Ọmọ mi ní ó dà bíi lẹ́tà ilé ẹjọ́, “We'd love to see you there” ló fi rọ́pò rẹ̀. Èyí dùn ún kà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbà pọ̀ nínú wọn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a rí òun fín. Mo pa méjèèjì pọ̀, wọn ò bára mu. Mo tún ronú pé kí n kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lókè, kí ìyókù rọrùn.

Báwo lẹ ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn bọ̀wọ̀ fún àgbà? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.